Ìjọba Àpapọ̀ Tó Ń Ṣagbe

Owó oníbodè kì í ṣe nǹkan tuntun létí ọmọ Ìjẹ̀bú. Àwọn baba wa gbà á lójú ọ̀nà Èkó, wọ́n sì ń ti ọ̀nà náà nígbà tó bá wù wọ́n. Kò sí ìjọba kankan nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà tó lágbára láti dá ẹjọ́ àwa àti Ìbàdàn. Gẹ̀ẹ́sì ló wá fi ìbọn dá a ní Ìmàgbọn, lóṣù Karùn-ún 1892.

Ìdí nìyí tí ọkàn wa kò fi balẹ̀ sí irú àtúntò kan tí wọ́n ń pariwo báyìí. A fara mọ́ àtúntò. Nǹkan 68 tí òfin 1999 kó lé Àbújá nìkan lọ́wọ́ ti pọ̀ jù. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, ẹ jẹ́ kó wá. Ṣùgbọ́n àwọn kan fẹ́ kí ìpínlẹ̀ máa gba gbogbo owó, kí wọ́n wá fún ìjọba àpapọ̀ ní ohun tó bá wù wọ́n. Èyí la kọ̀.

Amẹ́ríkà ti dán an wò. Lábẹ́ òfin àkọ́kọ́ wọn, tó fìdí múlẹ̀ ní 1781, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ kò lè gba owó orí. Ńṣe ló ń kọ̀wé bẹ ìpínlẹ̀ 13, bí olórí èsúsú tí kò lè bu owó ìtanràn lé ẹni tí kò dá. Ìgbìmọ̀ náà ní kí wọ́n jẹ́ kóun kàn gba náírà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ká fi tiwa ṣírò, lórí ọjà òkèèrè. Rhode Island kọ̀, ọ̀rọ̀ bàjẹ́, torí ohùn àwọn 13 gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn gbé ìbọn ní Massachusetts ní 1786, àpapọ̀ kò rí ọmọ ogun rán. Àwọn olówó ibẹ̀ ló dáwó jọ fún ogun tó kápá wọn. New York ń gbowó lórí ọjà New Jersey. James Madison, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ òfin wọn kejì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n fi New Jersey, tó wà láàrin èbúté méjì, wé àgbá ọtí tí wọ́n dá ihò sí ní orí àti ìdí.

Rẹ́mọ nìyẹn, láàrin Èkó àti Ìbàdàn. Ẹ ronú obì tó ń ti Ṣàgámù lọ Kánò: ìpínlẹ̀ mélòó ni yóò gbà kọjá? Bí kálukú bá na igi bodè, kí ni yóò kù fún ìyá tó ṣa obì náà?

Ẹ̀rù ìjọba ológun ṣì ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ẹrù púpọ̀ kọ́ là ń pè ní agbára. Ní 1787, ní Philadelphia, Amẹ́ríkà fún àpapọ̀ láṣẹ láti gba owó rẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì gba igi bodè lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ ṣì ń ṣe púpọ̀ nílé ara rẹ̀.

Ẹ̀yin aṣòfin wa láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, a bẹ̀ yín: ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ kedere pé àpapọ̀ ni yóò máa gba owó kọ́sítọ́ọ̀mù, àti pé ìpínlẹ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ dínà ọjà ìpínlẹ̀ mìíràn. Òfin tuntun tí èyí kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí i.