"Àríwá Mùsùlùmí, Gúúsù Kìrìsìtẹ́nì": ẹ wá kun Kwara fún mi ná

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé máàpù Nàìjíríà kiri orí WhatsApp, tẹ́ ẹ kun òkè ní gíríìnì tẹ́ ẹ kun ìsàlẹ̀ ní búlúù pé Mùsùlùmí rèé, Kìrìsìtẹ́nì rèé, ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀ wo lẹ máa kun àwa ará Kwara? Nínú ìwé ìjọba, Àríwá la wà, bẹ́ẹ̀ Yorùbá lọ̀pọ̀ nínú wa ń sọ nílé. Ọmọ Òmù-Àrán á dé Èkó, wọ́n á ní "Kwara kẹ̀? Alhaji nìyẹn o", ọmọ Òmù-Àrán, ìlú àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Oyèdépò, níbi tí wọ́n kọ́ Landmark University sí!

Àwọn tó rò pé àwọn mọ̀ ọ́n ju ìyẹn lọ á ní rárá, Ìlọrin ni Mùsùlùmí, Kwara South ni Kìrìsìtẹ́nì. Irọ́ nìyẹn náà. Ọ̀ffà ńkọ́? Kwara South ni, Mùsùlùmí ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ìgbàjà tí sẹ́mínárì ìjọ ECWA wà, mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀ dáadáa. Ìlọrin tí Ṣéú Àlímì, àáfà ńlá nì, tẹ̀dó sí gan-an, ẹ yà sí Sábó-Òkè láàárọ̀ Sunday kẹ́ ẹ wo èrò ṣọ́ọ̀ṣì St. Barnabas.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni Odò-Ọwá ní Òkè-Ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá sí lọ́dún 1904, ọmọ Áńgílíkà tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì kó tó gbọ́ ìpè lọ́dún 1928, tí ìjọ CAC wá ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn títí dòní. Ní àgbègbè yẹn náà, ní Kájọlà, ni Bámigbóyè agbẹ́gilére gbé, òun ló gbẹ́ àwọn ère Ẹpa ràgàjì tí wọ́n máa ń gbé lérí jó, tí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà fi odindi àfihàn yẹ́ sí lọ́dún 2022. Ṣé ẹ mọ orúkọ àkọ́kọ́ rẹ̀? Moshood. Ó yá, ẹ kun ìyẹn náà.

Lọ́dún 2023 tí ariwo Ìṣẹ̀ṣe bẹ́ sílẹ̀ n'Ílọrin, tí Ṣóyínká fi kọ lẹ́tà sí Ẹ́míà, mo rí àwọn tó ń kọ ọ́ pé kò síṣẹ̀ṣe ní Kwara rárá, wọ́n á wá gbé oríkì lé e: ìlú tóbi tó yìí kò l'éégún, ẹṣin l'eégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ l'orò ibẹ̀. Oríkì Ìlọrin nìyẹn o, kì í ṣe oríkì Kwara. Eégún Eléwe ń jáde nílẹ̀ Ìgbómìnà ní Kwara yìí náà, ẹni tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn sì lè ti kírun àárọ̀ kó tó kúrò nílé. Èsìẹ́ tí àwọn ère òkúta wà, mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni wọ́n ṣí síbẹ̀ lọ́dún 1945, wọ́n ṣì ń ṣọdún ère náà.

Mi ò sọ pé ìjà ò sí sha. Oṣù kejì 2021 ìjọba ti ilé ìwé 10 tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀ pa n'Ílọrin torí híjáábù, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ẹ̀mí bọ́ sí i ní Ìjàgbó. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, ilé ìwé ìjọ, ọmọ Mùsùlùmí ló pọ̀ níbẹ̀: ká ní ọ̀tọ̀ làdúgbò kálukú ni, kí ni wọn ì bá máa fà mọ́ra wọn lọ́wọ́? Àwọn tó ń jìjà yìí, ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Alhaji, àbúrò ń jẹ́ Díákónì, bàbá kan náà ló bí wọn.

Àti pé kì í ṣe Kwara nìkan. Ìwó àti Ẹdẹ tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, Gúúsù ni. Auchi náà, Gúúsù ni. Benue àti Plateau tí Kìrìsìtẹ́nì pọ̀ sí ńkọ́, ṣebí Àríwá ni.

Ti pásẹ́ntì Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì Nàìjíríà tí wọ́n ń pín kiri yẹn ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Sẹ́ńsọ́ọ̀sì 1963 ni wọ́n bi aráàlú léèrè ẹ̀sìn kẹ́yìn: Mùsùlùmí bíi 47 nínú 100, Kìrìsìtẹ́nì bíi 34, àwọn tó kù bíi 18. Ti 1991 àti 2006, wọn ò béèrè rárá. Ẹni tó bá tún fi pásẹ́ntì tuntun ránṣẹ́ sí yín láàárọ̀ yìí, ẹ sọ fún un kó mú ìwé sẹ́ńsọ́ọ̀sì tó ti rí i wá.