Ẹni Tó Ní Ká Ra Ọkọ̀ Ilé Wa, Èwo Lòun Ń Gùn?

Bí ẹ bá wọ dánfó láti Mile 2 gba ọ̀nà Àgbádárìgì lọ, kò ní pẹ́ tí kọ̀ndọ́ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: “Vólks! Ta ló ń bọ́ọ́lẹ̀ ní Vólks?” Èrò tó fẹ́ sọ̀ á dáhùn pé, “Ó wà o!” Ibùdókọ̀ ló wà. Volkswagen tó fún un lórúkọ ti kó ẹrù ẹ̀ lọ tipẹ́tipẹ́. Dánfó tí kọ̀ndọ́ náà rọ̀ mọ́ lẹ́nu ọ̀nà lè jẹ́ Volkswagen lóòótọ́, àmọ́ ìlú òyìnbó ló ti lo ìgbà èwe ẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló wá darúgbó sí.

Oṣù kẹta ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò níbẹ̀. Oṣù yẹn kan náà ni Peugeot ṣí tiẹ̀ ní Kàdúná. Àwọn tó gbọ́njú nígbà náà ò ní gbàgbé. Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen kékeré, ni mọ́tò tíṣà, Pijó 504 ni ti ọ̀gá. Leyland ń to ọkọ̀ akẹ́rù n'Íbàdàn, ANAMMCO ń to Mercedes ní Enugu, Steyr wà ní Bauchi. Volkswagen tún ní mọ́tò kan tí wọ́n ń pè ní Igala. Ilẹ̀ Brasil ni wọ́n ti ń kó ẹ̀yà ara ẹ̀ wá nínú àpótí, Brasilia sì ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Dunlop ń ṣe táyà n'Íkẹjà, Michelin ń ṣe tiẹ̀ ní Port Harcourt. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá ti dé ipò kan á yá owó mọ́tò níbi iṣẹ́, wọ́n á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù ẹ̀. Tuntun ni mọ́tò ọ̀hún, ọ̀rá ṣì wà lórí àga ẹ̀. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya ọ̀rá náà títí tó fi gbó mọ́ àga, tí oòrùn á mú un lẹ̀ mọ́ èèyàn nídìí.

Ká má purọ́ fún ara wa, ìtò ni wọ́n ń to mọ́tò nígbà yẹn, wọn ò ṣe é látilẹ̀. Èrò wọn ni pé tó bá yá, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n á fi rọ ara ọkọ̀ á máa ti Àjàòkúta wá. A ṣì ń retí irin náà. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1980, dọ́là tí wọ́n fi ń ra ẹ̀yà inú àpótí ọ̀hún di ọ̀wọ́n. Ọdún 1986 ni Babangida gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí ẹni tó tẹ ọṣẹ mọ́lẹ̀. Mọ́tò tí tíṣà fi ń lọ síbi iṣẹ́ di ohun tí ọ̀gá ilé ìwé pàápàá ò lè dá lábàá. Báyìí ni tòkunbọ̀ ṣe wọlé wá jókòó. Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun là ń pè ní Tòkunbọ̀ tẹ́lẹ̀, àfi bí a ṣe gba orúkọ lọ́wọ́ ọmọ, tí a fi sọ mọ́tò. Michelin dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní 2007, Dunlop tẹ̀ lé e ní 2008.

Ọdún 2013 ni ìjọba Jonathan ní òun fẹ́ jí òkú náà dìde. Olúṣẹ́gun Àgangà ni mínísítà tó gbé ìlànà ọ̀hún káàkiri. Wọ́n fi owó ibodè ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọkọ̀ tuntun tó bá ti òkè òkun wá, wọ́n tún fi owó orí mìíràn tó jẹ́ ìdá 35 lé e lórí. Gbogbo ẹ̀ di ìdá 70. Àwọn olówó gbọ́, wọ́n sì gbà á gbọ́. Iléeṣẹ́ Stallion tún ilé iṣẹ́ Volkswagen àtijọ́ tó wà l'Ọ́jọ́ọ̀ ṣí, wọ́n ń to Nissan níbẹ̀ ní 2014. Coscharis bẹ̀rẹ̀ sí í to Ford Ranger n'Íkẹjà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Innoson ti wà ní Nnewi láti 2010. Àmọ́ ìlànà lásán ni ìlànà náà, kò di òfin. Ilé ìgbìmọ̀ ṣe àbádòfin lé e lórí, Ààrẹ Buhari ò buwọ́ lù ú. Nígbà tó di ìparí ọdún 2020, òfin ìnáwó tuntun gé ìdá 35 ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn wálẹ̀ sí ìdá 5. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ti lọ yá owó ní báǹkì, tó ti ra ẹ̀rọ, tó ti gba òṣìṣẹ́, tó wá jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n sọ fún un pé eré ni gbogbo ẹ̀.

(Ẹni tó ń darí àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lásìkò náà ni Jelani Aliyu, ọmọ Sókótó tó ya àwòrán Chevrolet Volt fún General Motors l'Ámẹ́ríkà. A ní ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń bí mọ́tò, a gbé e sórí àga, ìlànà tó yẹ kó fi ṣiṣẹ́ sì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.)

Lẹ́yìn náà ni 2023 dé. Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, wọ́n tú náírà sílẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tó ń lọ ní nǹkan bíi ₦460 gòkè dé nǹkan bíi ₦1,500 kí ọdún tó pé. Nígbà tó máa fi di oṣù kọkànlá 2024, báǹkì àpapọ̀ ti gbé èlé tirẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ báǹkì tó ń yá wa lówó á tún bu tiẹ̀ lé e. Ta ló máa yá irú owó yẹn ra mọ́tò tuntun, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n to nílé? Ẹ̀yà tí wọ́n fi ń tò ó náà ṣáà ń fi dọ́là wọlé.

Ọ̀kan nínú wa gbé Corolla ọdún 2005 ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mekáníìkì kan l'Ágége láìpẹ́ yìí. Ọkùnrin náà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ púlọ́ọ̀gì kan, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò ẹ̀, ó mi orí. “Ọ̀gá mi, èyí ti lọ. Tuntun Ṣáínà wà, tòkunbọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká ra tòkunbọ̀.” Ṣé ẹ rí i? Mọ́tò jẹ́ tòkunbọ̀, púlọ́ọ̀gì tí wọ́n fẹ́ fi sí i náà tún jẹ́ tòkunbọ̀. A bi í pé kí ló dé tí kì í gba àwọn oníbàárà ẹ̀ nímọ̀ràn kí wọ́n ra ọkọ̀ tí wọ́n to nílé. Ó rẹ́rìn-ín. “Tó bá bàjẹ́, ta ló máa bá mi rí páàtì ẹ̀ lọ́jà Ládípọ̀?”

Ìdáhùn mekáníìkì yẹn já gaara ju ọ̀pọ̀ ìwé tí ìjọba ti kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ. Kì í ṣe ẹwà ló sọ Pijó 504 di ọba títì nígbà kan. Ìjọba ló kọ́kọ́ rà á. Kò sí ọ́fíìsì ìjọba tí ẹ máa dé láyé ìgbà náà tí ẹ ò ní bá 504 níbẹ̀. Nítorí pé ó pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, mekáníìkì kọ́ ọ mọ̀, oníṣòwò kó páàtì ẹ̀ pamọ́, rewáyà tó wà ní ìgbèríko lè fi ojú dídì tún un ṣe. Nígbà tí ìjọba lò ó tán, tó tà á ní gbàǹjo, aráàlú lè rà á láìfòyà. Ibẹ̀ ni ọjà ti gbilẹ̀.

Kí ni àwọn tó ń ṣèjọba lónìí ń rà? Oṣù karùn-ún ọdún 2017 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó ń delé fún ààrẹ nígbà náà, fọwọ́ sí àṣẹ pé ohun tí wọ́n ṣe nílé ni kí iléeṣẹ́ ìjọba máa kọ́kọ́ rà. Ní 2020, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin gbé Toyota Camry bíi 400 wọlé fún ara wọn, àwọn sẹ́nétọ̀ gba Land Cruiser. Ní 2023, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí epo wọ́n tí náírà sì wó, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í pín Land Cruiser, èyí tí ìròyìn sọ pé ẹyọ kan ẹ̀ ń lọ sí ₦160 mílíọ̀nù. Owó oṣù tó kéré jù nígbà náà jẹ́ ₦30,000. Òṣìṣẹ́ tó bá ń gba iye yẹn, tí kò jẹun, tí kò sanwó ilé, yóò fi ọdún 444 tọ́jú owó kó tó lè ra ọ̀kan. Abájọ tí inú fi ń bí aráàlú. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìlara, bí àwọn olóṣèlú kan ṣe fẹ́ máa pè é.

Nígbà tí ariwo pọ̀, Sẹ́nétọ̀ Sunday Karimi, alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó irú ètò bẹ́ẹ̀ nílé aṣòfin àgbà, ní ọ̀nà wa ò dára, ọkọ̀ tó le ni àwọn nílò. Ó tún bèèrè pé àwọn mínísítà tó ní jíìpù tó ju mẹ́ta lọ ńkọ́, kí ló dé tí a ò bi wọ́n? Ó da, à ń bi wọ́n báyìí, àwọn náà ni ọ̀rọ̀ kàn. Àmọ́ ti ọ̀nà tí kò dára yẹn, ta ló ń buwọ́ lu owó tí wọ́n fi ń ṣe é? Ọ̀nà jágajàga yẹn kan náà ni ọkọ̀ tí wọ́n to ní Nnewi ń gbà wá sí Èkó.

A ò sí lára àwọn tó ń sọ pé kí ìjọba ti ilẹ̀kùn pa mọ́ tòkunbọ̀. Oṣù kìíní 2017 ni wọ́n fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé, ohun tó so nídìí ẹ̀ náà ni fàyàwọ́. Láti Kútọnu dé Sèmè dé Ìdí-Ìrókò, ẹni tó mọ ọ̀nà igbó mọ̀ ọ́n, ẹni tó mọ ọwọ́ tó ń gbà á mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì tó ń ra Corolla ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò kórìíra ọkọ̀ ilé wa, ibi tí owó ẹ̀ mọ ni. Kí wọ́n fi owó ibodè ni ín lára títí tó fi máa padà sórí ọ̀kadà, kò ní kí iléeṣẹ́ kankan láàárín wa ta mọ́tò kan sí i. Ẹni tó bá ní òun ó dá aṣọ fún ni, ti ọrùn ẹ̀ là á kọ́kọ́ wò.

Ohun tí a ń fẹ́ nìyí. Kí ó di òfin, kó má jẹ́ ìwé àṣẹ tí ẹni tó bá dé lẹ́yìn lè fi nu ọwọ́, pé owó ìjọba kankan, ti àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, ti ìbílẹ̀, kò gbọdọ̀ ra ọkọ̀ tí wọn ò tò nílẹ̀ yìí níwọ̀n ìgbà tí irú ẹ̀ bá wà. Kí ó kan gómìnà, kí ó kan sẹ́nétọ̀, kí ó kan ọlọ́pàá. Bí jíìpù tí wọ́n to nílé bá ń gbóná lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, kí ó gbóná mọ́ mínísítà lábẹ́. Ẹ wò ó bóyá ẹni tó tò ó ò ní tún ẹ̀rọ amútutù ẹ̀ ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Àwọn kan á ní ọkọ̀ Ṣáínà tí wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà ni wọ́n ń pè ní ọkọ̀ ilé wa. Òótọ́ wà níbẹ̀, a ò sì ní bò ó. Ẹni tó gbé mọ́tò tó ti jinná tán wọlé, tó kàn de táyà mẹ́rin mọ́ ọn, tó lẹ àsíá aláwọ̀ ewé sí i lẹ́yìn, kò yẹ kó jẹ nínú owó yìí bíi ti ẹni tó ń rọ ara ọkọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí mólùè mọ̀ pé àwọn wẹ́dà wa ló ń kan ilé lé orí ẹ̀ńjìnnì Mercedes 911. Irin, pákó, àti ọgbọ́n orí ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sí òyìnbó kankan lọ́dọ̀ wọn. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn: lọ́dún yìí, àga, gíláàsì àti bátìrì, lọ́dún mìíràn, wáyà àti rọ́bà, ẹni tí kò bá bá a mu, kí wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé ẹni tó bá tajà fún ìjọba gbọ́dọ̀ ní páàtì ní Ládípọ̀ àti láwọn ìlú ńlá yòókù, níbi tí mekáníìkì Agége á ti lè rí i rà.

Owó ibodè tí wọ́n bá fi lélẹ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án fún ọdún mẹ́wàá. Ghana gbé ìlànà tiẹ̀ jáde ní 2019, Volkswagen sì ti ń to mọ́tò ní Accra ní 2020. Àwa náà bá Volkswagen fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 2018. Ìwé la ṣì ń wò.

Ní oṣù karùn-ún 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ìlànà tí wọ́n pè ní “Nigeria First”, pé ohun tí a ṣe nílé ni ìjọba á máa kọ́kọ́ rà. A gbọ́. A ti gbọ́ irú ẹ̀ ní 2017 náà. Owó tí wọ́n bá ná sórí mọ́tò la fẹ́ fi mọ̀ bóyá tọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀. Nígbà tí àbá ìsúnná tó ń bọ̀ bá dé iwájú ilé ìgbìmọ̀, ojú ewé tí wọ́n kọ ọkọ̀ sí la máa kọ́kọ́ ṣí.