Orúkọ 22 Tó Yẹ Kó Wà ní Kútọ̀

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, Nàìjíríà na Àlùgéríà ní góòlù mẹ́ta sí òdo, a sì gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ méjì, Mùdá Lawal jẹ ẹ̀kẹta. Ọmọ Ẹ̀gbá làwọn méjèèjì, a ò sì yé fi wọ́n yangàn ní Abẹ́òkúta níbí. Ṣùgbọ́n Christian Chukwu, balógun ikọ̀, ọmọ Ìgbò tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Rangers ti Enugu, ló gbé ife náà sókè. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́wàá tó parí ni. Lọ́jọ́ yẹn, ta ló rántí bi í léèrè pé ẹ̀yìn ta ló wà?

Bí orílẹ̀-èdè bá gbàlejò irú ìdíje bẹ́ẹ̀, ẹni tá ò mọ̀ rí á di tiwa. Mandela náà mọ̀ ọ́n. Ní 1995, nígbà tí Gúúsù Áfíríkà gbàlejò ife-ẹ̀yẹ àgbáyé rọ́gíbì, ẹ̀wù Springbok, ikọ̀ rọ́gíbì orílẹ̀-èdè náà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú kórìíra bí ìgbẹ́ nítorí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ló wọ̀ wá sí pápá.

Ní oṣù Karùn-ún 2025, ó kan Abẹ́òkúta. Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1973 láti fi rán ohun tí ogun fà ya, wá sí ìpínlẹ̀ Ògùn. Lóòótọ́, kì í ṣe ti àgbáyé, ṣùgbọ́n ará Àríwá pọ̀ nílùú bíi kí wọ́n má lọ mọ́. A rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ, nínú aṣọ eléré, tó ń ná àdìrẹ. "Nawa ne?" Èló ni, lédè Haúsá. Ìyá tó ń tajà na ìka márùn-ún. Ọmọ náà na mẹ́ta. Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì, wọ́n parí ẹ̀ sí mẹ́rin, ó sì wé àdìrẹ náà mọ́rí lójú ẹsẹ̀. A ò bi í bóyá Kánò ló ti wá.

Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, ọkọ̀ tó ń gbé ikọ̀ Kánò padà sílé já bọ́ láti orí afárá lójú ọ̀nà Zaria sí Kánò, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n délé. Èèyàn 22 kú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àárẹ̀ ló mú awakọ̀, tàbí pé eré ló sá jù.

Àwọn kan á ní ìpínlẹ̀ kálukú ló ń gbé eléré tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, lórí ìwé. Ṣùgbọ́n nílé Yorùbá, a kì í jẹun tán pẹ̀lú àlejò ká ní kó máa wá ọ̀nà ara rẹ̀ lọ. A máa ń sìn ín sọ́nà. Owó táwọn agbàlejò ń ná sórí iná aláràbarà àti ijó alẹ́ ọjọ́ ìṣíde, ẹ yọ nínú ẹ̀: kí ọkọ̀ kankan má rin ìrìn òru, kí awakọ̀ méjì wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ibi tí wọ́n á sùn lójú ọ̀nà wà lákọsílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbérasọ.

Àbújá bèèrè fún ìdíje Commonwealth ti 2014, Glasgow ló gbà á. Ó tún bèèrè ti 2030, ó bọ́ sọ́wọ́ Ahmedabad ní Íńdíà. Ó dá wa lójú pé a ó tún bèèrè, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ká tó pe ayé wá, ká kọ́kọ́ parí ti ẹni tó ti wá.

Ohun tí a ń fẹ́ ní Abẹ́òkúta kò le: kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn kọ orúkọ àwọn 22 náà sára ògiri pápá ìṣeré Kútọ̀, níbi tí gbogbo ẹni tó ń wọlé á ti máa rí i. M.K.O. Abíọ́lá ni pápá náà ń jẹ́. Ní 1993, Kánò dìbò fún ọmọ Ẹ̀gbá yìí, wọ́n sì fi Bashir Tofa, ọmọ tiwọn, sílẹ̀.