Ta ló ní ìdíje ilé-ìwé ló ń ba ọmọ kíríkẹ́ẹ̀tì jẹ́?

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, nílé wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin, àtàsí ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tún gbé e dé: "Ìdíje ilé-ìwé kì í sọ ọmọ di nǹkan kan. Kíláàbù ni." Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, ń kàwé l'Ékòó, ó sì mọ kíríkẹ́ẹ̀tì, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, í gbá dáadáa. Ẹ̀gbọ́n ti kọ lẹ́tà tán pé kí ilé-ìwé yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ wọn, kó lè ráyè fún kíláàbù. Gbogbo ilé ń mi orí. Èmi ò rí i gbé mì, àti ọ̀rọ̀ àti oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tí àwọn tó ń gbè sẹ́yìn kíláàbù fúnra wọn máa ń dárúkọ, Sachin Tendulkar ti Íńdíà. Níbo ni ariwo rẹ̀ ti kọ́kọ́ sọ? Ìdíje ilé-ìwé ni. Oṣù kejì ọdún 1988, ní pápá Azad Maidan ní Mumbai, ìdíje Harris Shield ti àwọn ilé-ìwé ti dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ọmọ ọdún 14 ni Sachin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Vinod Kambli jẹ́ ọmọ 16. Àwọn méjèèjì bọ́ sí àárín pápá, wọ́n gbá 664 rọ́ọ̀nù (àmì ayò kíríkẹ́ẹ̀tì nìyẹn) láàárín ara wọn, kò sẹ́ni tó lé wọn kúrò níbẹ̀. Kambli, tó ti gbá díẹ̀ kí Sachin tó wọlé, ní 349, Sachin 326. (Àánú àwọn ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù sí wọn ṣì ń ṣe mí.) Ọdún yẹn ò tíì parí tí Sachin fi ń gbá fún ìlú Bombay (Mumbai náà ni), ní oṣù kọkànlá ọdún 1989 ó ti ń gbá fún Íńdíà ní Karachi, ọmọ ọdún 16. Ilé-ìwé tí Sachin gbá fún yẹn gan-an, Ramakant Achrekar tó ń kọ́ ọ ní kíríkẹ́ẹ̀tì ló ní kó ṣí lọ síbẹ̀, torí pé wọ́n mú eré náà ní ọ̀kúnkúndùn.

Muralitharan ti Sri Lanka ńkọ́? Ilé-ìwé rẹ̀ ní Kandy ni kóòṣì ti ní kó yé sáré ju bọ́ọ̀lù, kó máa yí i kó lè yà bó bá balẹ̀. Ó gba wíkẹ́ẹ̀tì 800, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀ 800 ló lé ẹni tó ń gbá kúrò, nínú ìdíje Test, eré ọlọ́jọ́ púpọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè. Kò tíì sẹ́ni tó bá a.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Sessègnon wa ńkọ́?" Òótọ́ ni, kíláàbù Requins nílẹ̀ Benin ni agbábọ́ọ̀lù wa yẹn ti lọ sí Faransé. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú.

Èmi náà kàwé lápá Èkó, mo sì gbá fún ilé-ìwé àti kíláàbù. Ní kíláàbù, àwọn bàbá ọlọ́mọ ló ń kọ́kọ́ gbá. Wọ́n á ní kí èmi lọ dúró létí pápá lọ́hùn-ún nínú oòrùn, kí n máa sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù. Ẹni kẹwàá ni mí; nígbà míì eré á parí, mi ò ní tíì fọwọ́ kan igi, màá tú páàdì kúrò lẹ́sẹ̀, màá kó o sápò. Nílé-ìwé, ẹni kẹta ni mí, èmi náà ni mo tún ń ju bọ́ọ̀lù, bí a bá sì fìdí rẹmi, ọ̀dọ̀ mi ni tíṣà ń bọ̀. Bọ́ọ̀lù tí mo ń gbá lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan ju ti oṣù kan ní kíláàbù lọ.

Wọ́n ní bí ọmọ bá ń gbá fún ilé-ìwé àti kíláàbù, ó máa rẹ̀ ẹ́. Ó máa rẹ̀ ẹ́, pàápàá ẹni tó ń sáré ju bọ́ọ̀lù: eegun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ọmọ tó ṣì ń dàgbà máa ń sán bó bá jù ú jù. Ṣùgbọ́n eegun ò mọ̀ bóyá ilé-ìwé ló ń jù ú fún tàbí kíláàbù. Kí tíṣà àti kóòṣì máa ka iye tó ń jù lọ́sẹ̀, kí wọ́n máa pe ara wọn.

Mo gbà, ilé-ìwé wà tí tíṣà wọn ò mọ igi kíríkẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Sachin náà sì gbá ní kíláàbù, mi ò jiyàn.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Íńdíà nìyẹn." Mo bá yíjú sí ọmọ náà, tó wá lo ọlidé: ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n jẹ́ kó gbá ní kíláàbù ní táàmù tó kọjá? Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo àwo rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì, sà. Ọ̀kan nínú ẹ̀, bọ́ọ̀lù mẹ́ta péré."