Bátìrì Tuntun Kọ́ Ló Ń Mú Aago Kọ̀ǹpútà Péye

Ní Under G níbí, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, bí aago kọ̀ǹpútà bá ti ń ṣe ségesège, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín ni pé, "Bátìrì rẹ̀ ló kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí ẹ tan ẹ̀rọ padà, tó ń sọ pé ọdún 2009 la wà, bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 yẹn ti kú lóòótọ́. Àmọ́ irọ́ ni pé tí a bá ti fi tuntun sí i, tí a fọwọ́ tún aago náà ṣe, ó ti parí nìyẹn.

Iṣẹ́ bátìrì ò ju pé kí aago má dúró nígbà tí kò síná. Ègé quartz kékeré kan, irú òkúta kan tó máa ń gbọ̀n bí iná bá kàn án, ló ń ka àkókò. Ìgbà 32,768 ló ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí méjì tó ń gbọ̀n bákan náà gẹ́lẹ́, ooru sì tún ń yí i padà. Bó bá fi ogún nínú mílíọ̀nù kan yàtọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá méjì lóòjọ́. Ẹ̀rọ méjì tí ẹ rà lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan lè máa sáré, kí èkejì máa fà sẹ́yìn.

NTP, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń béèrè àkókò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí David Mills gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1985, ló ń yanjú èyí. Kọ̀ǹpútà yín á bi sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn yòókù lóhùn, ní àkókò, á kọ ìgbà tó béèrè àti ìgbà tí èsì dé; sáfà náà á kọ ìgbà tó gbọ́ àti ìgbà tó fèsì. Inú àkókò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni kọ̀ǹpútà yín ti ń ṣírò iye tí ìrìn ọ̀nà gbà, kó tó tún aago ara rẹ̀ ṣe. Nítorí náà, ẹ má gba ti àwọn tó ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò yára ò lè gbé àkókò tó péye wá. Àfi tí àlọ bá pẹ́ ju àbọ̀ lọ, tàbí tí àbọ̀ bá pẹ́ ju àlọ lọ, ni àṣìṣe ń wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sẹ́ńtà CBT, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ yín ló ká mi lára jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé gbé fóònù káàkiri láti fi tún aago ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe. Ẹ fi kọ̀ǹpútà kan ṣe sáfà NTP, kí gbogbo yòókù máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kódà bí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí òun fúnra rẹ̀ bá yà díẹ̀, gbogbo wọn á jọ yà ni, àkọsílẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ fi ìdáhùn ránṣẹ́ ò sì ní dojú rú. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà, ẹ̀rọ kan yẹn nìkan ni kó lọ béèrè lọ́dọ̀ ng.pool.ntp.org, ìyẹn àkójọ àwọn sáfà NTP fún Nàìjíríà, ẹ ṣáà rí i pé wọn ò ti UDP 123, ojú ọ̀nà tí NTP ń gbà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mọ́ ọn.