Hẹ̀rẹ̀hùrù Ará Ilé

"Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a ò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀hùrù rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru." Hẹ̀rẹ̀hùrù yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé kiri nínú òwe yìí. Ní tèmi, "sọ fún un" ni mo dì mú. Òwe ò ní ká ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Nígbà tí ológun gbàjọba ní Nìjẹ̀r lóṣù keje ọdún 2023, ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwa ní Bẹ̀nẹ̀ níbí ń pè ní CEDEAO, fún wọn ní ọjọ́ 7 kí wọ́n dá ìjọba padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òun lè fi ogun wọlé. Tinubu ni alága nígbà náà. Wọ́n ti ẹnubodè, Bẹ̀nẹ̀ náà sì ti tirẹ̀ ní Malanville.

Ìyá kan wà lọ́jà Kétu, ìlú wa ní Bẹ̀nẹ̀, tó máa ń lọ ra àlùbọ́sà lọ́hùn-ún. Mo bá a lọ́jọ́ kan, ó ń ṣa èyí tó ti jẹrà kúrò nínú àpò kan ṣoṣo tó kù, ó ń to èyí tó ṣì le ní mẹ́ta-mẹ́ta.

"Ẹ kú ọjà, Ìyá. Ṣé wọn ò tíì ṣí ọ̀nà?"

"Ọmọ mi, àwọn ọ̀gá ló ń jà, àlùbọ́sà tèmi ló ń jẹrà."

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn ìgbàjọba náà tí Málì, Bùrkínà Fasò àti Nìjẹ̀r so ọwọ́ pọ̀. Ní oṣù kìíní 2025, wọ́n jáde kúrò nínú ECOWAS pátápátá. Ayé ti yí: ẹni tí o lé síta lónìí, Rọ́ṣíà ti tẹ́ àga sílẹ̀ dè é. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, àwọn agbésùmọ̀mí pa sójà Bẹ̀nẹ̀ 54 lápá àríwá, nítòsí ẹnubodè Nìjẹ̀r àti Bùrkínà, níbi tó yẹ kí aládùúgbò ti máa ta ara wọn lólobó. Hẹ̀rẹ̀hùrù nìyẹn.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀pẹ 2025, nígbà tí àwọn sójà kan fẹ́ gbàjọba ní Kùtọnu, bàálù ogun Nàìjíríà dé lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n mọ ìtumọ̀ "tètè" lọ́jọ́ yẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n títi ilẹ̀kùn nìkan kò gba ìlú: ẹnubodè àtijọ́ Àkàbà Ìdẹ́nà ṣì wà ní Kétu, tòun ti odi àti yàrà, síbẹ̀ Dàhòmì kó ìlú wa ní 1886, nígbà tí ogun Kírìjì ṣì gba ọwọ́ àwọn ọmọ Oòduà yòókù.

Ìyá alálùbọ́sà yẹn ò dákẹ́ ní tirẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀nà fi wà ní títì, ó ń pe oníbàárà rẹ̀ ní Gaya ní Nìjẹ̀r, lódìkejì odò, pẹ̀lú Haúsá díẹ̀ tó gbọ́. Ó ti béèrè ara ìyàwó oníbàárà náà àti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ tán kó tó kan àlùbọ́sà.