Ọ̀sẹ̀ méje lórí aṣọ kan

Àbúrò mi tó wà ní Èkó ló bí mi nínú láàárọ̀ yìí. Mo gbé fọ́tò àdìrẹ tí mo ṣe fún Màámi sórí WhatsApp ẹbí wa, ohun tó kọ sábẹ́ ẹ̀ ni pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀sẹ̀ méje? Irú ẹ̀ kún Balógun, ojú ẹsẹ̀ lẹ máa rí i rà." Ó tún fi ẹ̀rín sí i.

Kò kún Balógun. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí lára ló kún Balógun. Ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ jù.

Ìyá aláró kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo níbí, ni mo gbé iṣẹ́ náà fún. Èlú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, ni ìyá yìí ṣì ń lò, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ kẹ́míkà sétí. Ó dá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún mi, torí àádọ́rin ọdún Màámi. Ọjọ́ pé, mo lọ, ó ní òjò kò jẹ́ kí èlú tí òun gún sá sóòrùn gbẹ. Mo tún lọ, ó ní aró kò tíì mú. Mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní kí n jẹ́ kí ọdún Ọ̀ṣun kọjá ná. Inú bí mi, mo ṣáà ti san ìdajì owó! Ìyá fi ọwọ́ tó ti dúdú dé ọrùn ọwọ́ sún àpótí ìjókòó sí mi: "Jókòó, ọmọ mi. Ṣé kí n bá aró jà ni?"

Màámi ṣe àádọ́rin ọdún tán, léèsì ló wọ̀.

Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹrin, tèmi gan-an ló ń rẹ lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti fi ìyẹ́ adìyẹ ya àwòrán àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Olókun sí i pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún. Bí ìyá ṣe ṣí ìkòkò, òórùn ẹ̀ fẹ́ẹ̀ lé mi jáde. Ó fa aṣọ yọ, àyà mi já: ó rí bí ewé tútù! "Ìyá, ṣé kò bàjẹ́ báyìí?" Kò dá mi lóhùn. Ó nà án sórí okùn. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, etí aṣọ kọ́kọ́ ṣú, lẹ́yìn náà àárín, títí gbogbo ẹ̀ fi di aró lójú mi. Ó ká a, ó tún rì í padà. Mo ka ìgbà márùn-ún kí n tó ṣíwọ́ kíkà. Ilẹ̀ ṣú bá mi níbẹ̀, mi ò sì mọ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: pé ọmọ Nàìjíríà ti dúró tó, a dúró de iná, a dúró de owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó bá ń dúró de owó ìfẹ̀yìntì kò retí ayọ̀ kankan, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ló ń wá. Ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ.

Ṣebí àwa ará Òṣogbo ló yẹ ká mọ̀. Lọ́jọ́ Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá nígbà ọdún Ọ̀ṣun, èèyàn á ti kún títì láti ààfin Àtáọ́ja dé Igbó Ọ̀ṣun, àwọn tó ti Brazil wá wà láàárín wọn, òjò lè máa pa gbogbo wọn. Aṣọ ló bo igbá, kò sẹ́ni tó rí ohun tó wà nínú ẹ̀. Síbẹ̀, bí ọmọ náà bá yọ lókèèrè, ariwo tó máa ń sọ! Ta ló máa ní kí wọ́n yára gbé e kọjá?

Èsì tí mo fẹ́ fún àbúrò mi nìyẹn. Mo ti kọ ọ́ dé ìdajì kí n tó rántí ọjọ́ tí mo gbé aṣọ fún Màámi. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi, ó rewà." Wọ́n gbọ́ òórùn ẹ̀, wọ́n fajú ro díẹ̀. "Ṣé kò ní ran àwọn aṣọ yòókù?" Wọ́n wé e sínú ọ̀rá, wọ́n tì í sínú àpótí.

Èmi ni mo dúró fún ọ̀sẹ̀ méje. Màámi ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń bọ̀. Bóyá ká ní mo ti sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ká jọ máa lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ká jọ máa bínú.

Mi ò tíì fèsì.